Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Ń Wá Ààyè Oyè Ọ̀mọ̀wé Tàbí Iṣẹ́ Ìwádìí Nínú Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ìbéèrè kan ò yéé wọlé: "Ṣé kí n kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n ni, àbí kí n kọ́kọ́ fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí yunifásítì?" Àwọn tó ń béèrè rẹ̀ sábà máa ń fi kún un pé àwọn ti fi ìwé ránṣẹ́ síbi púpọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá àwọn lóhùn. Kò sí ìdáhùn kan tó bá gbogbo ibi mu, nítorí pé irú ààyè tí ẹ ń wá ló ń pinnu ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè ni wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìjẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ iṣẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó kọ irú lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ síbi tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́, tàbí pé ó ń retí ìpolówó níbi tí wọn kì í ti í ṣe ìpolówó.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́ tàbí oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kọ̀ǹpútà, iná mànàmáná, ìkọ́lé, kẹ́míkà àti irú wọn. Abala kékeré kan wà nísàlẹ̀ fún ẹni tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé tán.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ààyè tó wà níwájú yín

Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ẹ má tíì kọ ìlà kan títí ẹ ó fi mọ èyí tí ẹ ń wò.

Ààyè tó jẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù. Ní Jámánì, Nẹ́dálándì, Swídìn, Nọ́rwèy àti Dẹ́nmárkì, ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ sábà máa ń jẹ́ òṣìṣẹ́ tó bu ọwọ́ lu àdéhùn, tó ń gba owó oṣù, tó sì ń san owó orí. Owó ìwádìí ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ náà ti ní àkòrí, ẹni tó máa ṣe é ni wọ́n ń wá. Nítorí náà, kì í sábà pọn dandan kí ẹ kọ àbá ìwádìí tiyín. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ lè ṣe ìwádìí tiwọn. Àwọn yunifásítì Jámánì máa ń san owó yìí ní ìpele E13 nínú àtẹ owó oṣù tí wọ́n ń pè ní TV-L, àmọ́ ẹ wo ìpín tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa, torí ó lè jẹ́ ìdajì, ó lè jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ó sì lè jẹ́ odindi, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní Swídìn, ẹ̀kọ́ náà jẹ́ ọdún 4, ó sì lè di 5 bí wọ́n bá fi iṣẹ́ ẹ̀ka, bíi kíkọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kún un, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní Nọ́rwèy, ọdún 3 ni, tàbí 4 bí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò yín bá jẹ́ ti iṣẹ́ olùkọ́ni àti irú rẹ̀. Ọdún 3 ni ti Dẹ́nmárkì. Ọdún 4 ló wọ́pọ̀ ní Nẹ́dálándì, ṣùgbọ́n àdéhùn àkọ́kọ́ kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ yẹ iṣẹ́ yín wò kí wọ́n tó sọ ọ́ di odindi.

Ààyè tó jẹ́ gbígba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń gbani níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ máa jókòó yẹ ìwé gbogbo ẹni tó béèrè lọ́dún náà wò pọ̀. Gbèdéke ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń bọ́ sí oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìíní, fún ẹ̀kọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án. Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ìwádìí tàbí olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ ni owó ìgbọ́bùkátà sábà máa ń gbà wá, wọ́n á sì máa san owó ilé-ìwé fún yín. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka, ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ nìkan lè wọlé tààrà, nígbà tó jẹ́ pé oyè kejì sábà máa ń jẹ́ dandan ní Yúróòpù. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun ń fẹ́ yín, ó lè ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà yín sí i kò lè rọ́pò ìwé ìbéèrè.

Ààyè tó dúró lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin lẹ máa mú àkòrí wá níbí, ẹ̀yin náà lẹ sì máa wá ẹni tó máa bójú tó yín. Irú rẹ̀ ni MEXT ti ìjọba Jàpáánì, àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ DAAD ti Jámánì, àti RTP ti Ọsirélíà. Ní ọ̀pọ̀ irú ààyè bẹ́ẹ̀, alábòójútó ló ṣáájú, ìwé ìbéèrè ló tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Kánádà pàápàá kì í gba ẹnikẹ́ni tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kò bá tíì gbà láti bójú tó.

Àwọn kan wà láàárín méjì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa rí ìpolówó tó ní àkòrí tirẹ̀ bí iṣẹ́, síbẹ̀ tó jẹ́ pé owó ìgbọ́bùkátà akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń san, kì í ṣe owó oṣù. Àwọn ibùdó ẹ̀kọ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń pè ní CDT sì ń gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ilẹ̀ Faransé, ètò CIFRE máa ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ gba ẹni tó ń ṣe oyè ọ̀mọ̀wé síṣẹ́ fún ọdún 3, kí yàrá ìwádìí yunifásítì sì máa darí ìwádìí rẹ̀.

Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè wọ̀nyí:

- Ṣé ìpele owó oṣù àti ìpín àkókò iṣẹ́ wà nínú ìpolówó? Iṣẹ́ ni.
- Ṣé gbèdéke kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo ènìyàn lọ́dún, láìsí àkòrí ìwádìí pàtó? Gbígba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ni.
- Ṣé wọ́n ní kí ẹ mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ alábòójútó tó ti gbà yín? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, ọ̀jọ̀gbọ́n sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

## Ibi tí ìpolówó wà

Ìkànnì EURAXESS, tí Àjọ Yúróòpù ń bójú tó, jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì gbòòrò jù. AcademicTransfer ni ti Nẹ́dálándì, Jobbnorge ni ti Nọ́rwèy, jobs.ac.uk àti FindAPhD sì dára fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Fún Jámánì, ẹ wo academics.de, kí ẹ má sì gbàgbé àwọn ilé ìwádìí tí kì í ṣe yunifásítì, bíi Fraunhofer, Max Planck àti Helmholtz, tí wọ́n máa ń ṣe ìpolówó sórí ìkànnì tiwọn.

Ní tèmi, ohun tó wúlò ju gbogbo ìkànnì wọ̀nyí lọ ni kí ẹ kọ orúkọ yàrá ìwádìí 15 sí 20 sílẹ̀, tí iṣẹ́ wọn bá ohun tí ẹ ti ṣe mu, kí ẹ sì máa yẹ ojú ewé wọn wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tí ẹ kà nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè yín ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: níbo ni àwọn tó kọ ọ́ ti ń ṣiṣẹ́? Owó wo ni wọ́n dúpẹ́ fún ní ìparí rẹ̀? Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba owó ìwádìí tuntun máa gba ènìyàn láìpẹ́.

## Bí ẹ ó ṣe ka ìpolówó

Ìsọ̀rí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Ká ní ìpolówó kan ń wá ẹni tó máa ṣe ìwádìí lórí bí bátìrì lithium ṣe ń gbó nínú ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná.

1. Ẹ kọ nọ́ńbà ìpolówó, gbèdéke àti aago gbèdéke náà sílẹ̀. Aago ibi tí iṣẹ́ wà ni, kì í ṣe aago ibi tí ẹ wà.
2. Ẹ ya ohun tó jẹ́ dandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n kàn ní yóò jẹ́ àfikún. Bí oyè kejì nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ iná mànàmáná, kẹ́míkà tàbí físíìsì bá jẹ́ dandan, tí mímọ èdè Jámánì sì jẹ́ àfikún, ẹni tí kò gbọ́ èdè Jámánì kò gbọdọ̀ torí ìyẹn fà sẹ́yìn; ẹni tí kò ní oyè kejì ló yẹ kó lọ wá ààyè mìíràn.
3. Ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe inú àlàyé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá kọ pé ẹni náà yóò "kọ àwòṣe (model), wọn ìgbóná, kí ó sì fi àwọn méjèèjì wéra," ohun mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè yẹn, lẹ́tà yín sì gbọ́dọ̀ fèsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
4. Ẹ ka àpilẹ̀kọ méjì tí ẹgbẹ́ ìwádìí náà kọ láìpẹ́ yìí. Ẹ má wulẹ̀ ka àkótán nìkan. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é àti ibi tí wọ́n ti sọ ohun tó ṣẹ́ kù.
5. Ẹ wo ìwé tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe tò ó, àti iye ojú ewé tí wọ́n fàyè gbà.
6. Ẹ wo ọ̀nà tí ìwé gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ímeèlì ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà nísàlẹ̀ ìpolówó wà fún ìbéèrè. Bí wọ́n bá ní orí ìkànnì ni kí ẹ ti fi ìwé sílẹ̀, èyí tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò wọlé rárá.

Bí ẹ bá ní ohun tó jẹ́ dandan tán, tí ẹ sì ní díẹ̀ nínú àfikún, ẹ fi ìwé sílẹ̀. Àwọn tó ń dúró títí wọ́n á fi ní gbogbo rẹ̀ máa ń dúró pẹ́ jù.

## Ìwé tí ẹ máa kó jọ

- CV ojú ewé méjì, tàbí mẹ́ta bí ẹ bá ti ní iṣẹ́ tó jáde nínú jọ́nà.
- Ìwé ẹ̀rí oyè àti transcript (ìwé tó ní gbogbo máàkì yín), pẹ̀lú ìtumọ̀ tí òǹtẹ̀ wà lórí rẹ̀ bí wọn kò bá sí ní èdè tí wọ́n fẹ́.
- Àlàyé bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì nílé-ìwé yín, bí kò bá sí lẹ́yìn transcript.
- Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè kejì. Bí ẹ kò bá tíì parí rẹ̀, àkótán ojú ewé méjì àti ọjọ́ tí ẹ retí láti parí.
- Èsì ìdánwò èdè. Ọdún 2 péré ni èsì IELTS àti TOEFL fi ń ṣiṣẹ́, ẹ má tètè ṣe é jù.
- Orúkọ àti ímeèlì ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa jẹ́rìí yín.
- Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò ní tètè tán.

Nínú CV, ẹ jẹ́ kí ohun tí ẹ ti fọwọ́ yín ṣe sọ̀rọ̀. "Mo mọ MATLAB dáadáa" kò sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń ka ìwé ọgọ́rùn-ún. "Mo fi MATLAB kọ àwòṣe bí ooru ṣe ń rìn nínú bátìrì, mo sì fi í wé ohun tí a wọ̀n nínú yàrá ìwádìí" sọ gbogbo rẹ̀: irinṣẹ́, iṣẹ́, àti pé ẹ mọ̀ pé àwòṣe tí a kò fi wé òtítọ́ kò tíì parí. Kí ẹ tún fi kún un bí àṣìṣe tó wà láàárín méjèèjì ṣe pọ̀ tó. Bákan náà ni fún ẹni tó kọ́ róbọ́ọ̀tì, ẹni tó ṣe pátákó ẹ̀rọ, tàbí ẹni tó dán kọnkéré wò: ẹ sọ ohun tí ẹ wọ̀n, ohun tí ẹ fi wọ̀n ọ́, àti ohun tó jáde.

Bí kóòdù yín bá wà lórí GitHub, ẹ fi líǹkì rẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bíi àlejò. Ṣé àlàyé wà lójú ewé àkọ́kọ́? Ṣé ẹlòmíràn lè mú un ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀? Iṣẹ́ kan tó pé sàn ju mẹ́wàá tó jẹ́ iṣẹ́ àṣetiléwá lọ. Kóòdù tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tí ẹ ti ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ní ti àpilẹ̀kọ, ẹ ya èyí tó ti jáde, èyí tí wọ́n ti gbà, àti èyí tó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà tó ń gba owó tó sì ń gbé nǹkan jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan láìyẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ máa dá a mọ̀, á sì bu yín kù lójú rẹ̀. Ẹ lè gba nọ́ńbà ORCID lọ́fẹ̀ẹ́, kí iṣẹ́ yín má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà.

## Lẹ́tà ìwáṣẹ́

Ojú ewé kan ti tó, àyàfi bí wọ́n bá sọ pé kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ á dárúkọ iṣẹ́ náà àti nọ́ńbà rẹ̀, á sì sọ ní gbólóhùn kan ohun tó mú kí ó bá yín mu. Ìpínrọ̀ kejì àti ìkẹta ni ọkàn lẹ́tà náà: ẹ mú àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe tí ẹ rí nínú ìpolówó, kí ẹ fi ohun tí ẹ ti ṣe dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn á sọ ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ yọ kúrò ni ìtàn bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀rọ láti kékeré, ìyìn tí ẹ kó jọ fún yunifásítì náà, àti ọ̀rọ̀ tí ẹ lè fi ránṣẹ́ síbòmíràn láìyí nǹkan kan padà. Bí ẹ bá yọ orúkọ yunifásítì kúrò nínú lẹ́tà tó sì ṣì bá ibi mìíràn mu, ẹ tún un kọ. Ìdí kan náà ni mo fi ń kìlọ̀ nípa lẹ́tà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá bá kọ látòkèdélẹ̀: ẹ lè fi í yẹ gírámà wò, àmọ́ nígbà tí ìgbìmọ̀ bá ti ka ogún tí ó jọra, ìkọkànlélógún ti sú wọn kó tó dé.

## Ímeèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n

Ẹ ṣe èyí níbi tí alábòójútó ti ṣáájú, tàbí bí ìbéèrè gidi kan bá wà tí ìpolówó kò dáhùn. Ẹ má kọ̀wé láti béèrè ohun tó ti wà lójú ewé ẹ̀ka.

1. Nínú àkọlé ímeèlì, ẹ kọ irú ààyè, àkòrí, àti ìgbà tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀.
2. Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti oyè tí ẹ ní.
3. Ẹ fi méjì sọ nǹkan pàtó tí ẹ rí nínú iṣẹ́ wọn àti bí ó ṣe kan èyí tí ẹ ti ṣe. "Mo ka àpilẹ̀kọ yín, ó wú mi lórí" kò tó. Ẹ dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n lò, kí ẹ sọ ohun tí ẹ máa fẹ́ dán wò lórí rẹ̀.
4. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé wọ́n máa gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí ṣé wọ́n lè gbà láti bójú tó yín bí ẹ bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ báyìí-báyìí gbà.
5. Ẹ so CV àti transcript pọ̀ di fáìlì PDF kan.

Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ rán wọn létí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá tún dáhùn, ẹ lọ síbòmíràn. Ẹ má ṣe fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta nínú ẹ̀ka kan lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n máa ń pàdé ara wọn.

## Àwọn tó máa jẹ́rìí yín

Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí: ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ní oṣù kan, ó kéré tán, ṣáájú gbèdéke. Ẹni tó bójú tó iṣẹ́ yín tó sì lè sọ bí ẹ ṣe ń ronú sàn ju olórí ilé-ìwé tó ní oyè ńlá ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ yín lọ. Ẹ fún wọn ní ìpolówó, CV yín, àti ìlà márùn-ún nípa ohun tí ẹ ṣe lábẹ́ wọn. Àwọn ilé-ìwé kan kì í fojú rere wo ímeèlì ọ̀fẹ́ lásán fún ajẹ́rìí, nítorí náà, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní ti ilé-iṣẹ́ wọn. Bí ẹnì kan bá sì sọ fún yín pé kí ẹ kọ lẹ́tà náà fúnra yín kí òun kàn fọwọ́ sí i, ẹ wá ẹlòmíràn bí ẹ bá ní ẹlòmíràn.

## Ẹ ṣọ́ra

Iṣẹ́ gidi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá a. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò, owó ìwé àdéhùn, tàbí owó tí wọ́n fi ń di ààyè mú, ẹ sá fún un. Ohun kan wà tó yàtọ̀ síyẹn: ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà ń gba owó ìwé ìbéèrè lórí ìkànnì tiwọn gan-an, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ bí ẹ bá béèrè kí gbèdéke tó pé. Ẹ tún wo ímeèlì tó kọ̀wé sí yín: ṣé ti yunifásítì náà ni? Ẹ wá iṣẹ́ náà lórí ìkànnì yunifásítì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi ìwé ìrìnnà yín ránṣẹ́.

Ìkìlọ̀ kejì kan òfin tó fara pamọ́. Àwọn ààyè oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń fi owó ètò Marie Skłodowska-Curie ti Àjọ Yúróòpù ṣe ní òfin pé ẹ kò gbọdọ̀ ti gbé, kẹ́kọ̀ọ́ tàbí ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí iṣẹ́ náà wà fún ohun tó ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n máa gbà yín, ẹ kò sì gbọdọ̀ tíì ní oyè ọ̀mọ̀wé. Bí ẹ ṣe mọ iṣẹ́ tó kò lè yí èyí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààyè tí wọ́n ń fi owó ìjọba ṣe tó kan ọmọ ilẹ̀ òkèèrè máa ń níwọ̀n, nítorí náà ẹ ka abala ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i kí ẹ tó lo ọ̀sẹ̀ kan lórí lẹ́tà.

## Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Orí fídíò ló sábà máa ń wáyé. Wọ́n lè ní kí ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má kó gbogbo ohun tí ẹ ṣe síbẹ̀. Ẹ sọ ìṣòro náà, ọ̀nà tí ẹ gbà, ohun kan tí ẹ rí, àti ibi tí ọ̀nà yẹn kù sí. Ibi tí ó kù sí yìí ni wọ́n máa dúró lé: kí ló dé tí ẹ fi yan ọ̀nà yìí, kì í ṣe èyí? Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé nọ́ńbà yẹn tọ̀nà? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ìgbóná bá yí padà? Ẹni tó bá lè sọ pé "n kò dán an wò, ṣùgbọ́n báyìí ni ǹ bá ti ṣe é" máa ń wù wọ́n ju ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ńlá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń fúnni ní ìdánwò kóòdù kékeré tàbí àpilẹ̀kọ kan láti ṣàlàyé.

Ẹ̀yin náà ní ìbéèrè tí ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n:

- Ọdún mélòó ni àwọn tó ti parí nínú ẹgbẹ́ yìí lò?
- Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo máa rí alábòójútó lóṣù?
- Ṣé ẹ̀rọ tí ìwádìí náà nílò ti wà nílẹ̀, àbí ẹ ṣì ń retí rẹ̀?
- Bí ilé-iṣẹ́ bá wà nínú rẹ̀, ta ló ni ohun tí mo bá ṣe, àti pé ṣé ó lè dá àpilẹ̀kọ mi dúró kó má jáde?

Ẹ wá ẹnì kan tó ń ṣe oyè nínú ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, kí ẹ bá a sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ohun tí kò sọ náà lọ́rọ̀ nínú.

## Bí ẹ bá ti ní oyè ọ̀mọ̀wé

Iṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní postdoc, ní oríṣi méjì: èyí tí ọ̀jọ̀gbọ́n ti ní owó rẹ̀ tó sì ń gbani, àti èyí tí ẹ̀yin máa kọ àbá ìwádìí fún, kí owó náà lè jẹ́ tiyín. Ti àkọ́kọ́ kì í sábà gùn, ìpolówó rẹ̀ sì máa ń tètè kọjá. Ímeèlì tààrà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ. Ti èkejì, bíi Marie Skłodowska-Curie àti Humboldt ti Jámánì, ń ka ọdún tí ẹ gba oyè yín, nítorí náà, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó wá ilé-ìwé. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ wo máàkì mọ́ ní ìpele yìí. Àpilẹ̀kọ yín, àti bóyá ẹ lè mú nǹkan kan wọ yàrá ìwádìí náà tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ni wọ́n ń wò.

## Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n kì í ṣe àdéhùn. Ẹ má fa ìwé yín yọ kúrò níbòmíràn títí èyí tí ẹ máa buwọ́ lù yóò fi dé ọwọ́ yín. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti gbà pé àwọn kò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti dáhùn ìlérí owó kí ó tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Bí ẹnì kan bá ń lé yín ṣáájú ìyẹn, ẹ fi sùúrù béèrè ìdí.

Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò:

- Ọdún mélòó ni wọ́n kọ sínú àdéhùn, kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ lẹ́nu.
- Ìpín àkókò iṣẹ́ àti owó tó kù lẹ́yìn owó orí.
- Iye iṣẹ́ olùkọ́ni tó wà níbẹ̀.
- Ta ló ń san owó ilé-ìwé, títí dé ọdún tó kẹ́yìn.
- Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí owó ìwádìí bá tán kí ẹ tó parí.

Lẹ́yìn náà ni físà. Bí iṣẹ́ yín bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àkòrí rẹ̀ sì wà lára ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba wọn kà sí ẹlẹgẹ́, ọmọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ATAS kí wọ́n tó béèrè físà. Ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ ó sì nílò àlàyé ìwádìí náà láti ọwọ́ alábòójútó yín kí ẹ tó lè fi í sílẹ̀; ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gba àdéhùn gan-an.